OÚNJẸ ÀWỌN TÍ KÒ LÈ BÈÈRÈ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó dá ẹranko, tí ó sì pèsè ìjẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí a rán ní àánú sí gbogbo ẹ̀dá, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí lè kọ́kọ́ pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá àti ti ológbò ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, "Ààfáà, ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ti ajá ni ẹ ń sọ?" Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀run sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ ARÁBÌNRIN KAN

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsálátù, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa dúró dè mí lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn." Mo ní kí ó dìde, kí ó sọ ọ́.

Ó ní òun ń sin ológbò kan nínú yàrá tí òun gbà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní òun ti kà nípa bí wọ́n ti ń há adìyẹ mọ́ inú àgò tóóró, bí wọ́n ti ń fi àwọ̀n ńlá gbá ẹja kéékèèké inú òkun, àti bí ẹran sísìn ti ń dá kún ooru tí ó ń mú ayé. Àánú ṣe é. Ó pinnu pé wọn kò ní tún pa ẹ̀mí kankan nítorí ológbò òun mọ́. Láti ọjọ́ náà, ìrẹsì, àmàlà àti ẹ̀wà ni ó ń fún un. Kò fún un ní ẹja, kò fún un ní ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó jáde síta, kí ọkọ̀ má baà pa á. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan.

Ó ní, "Ààfáà, ológbò náà kò ríran mọ́. Ó ń fi orí gbá ẹsẹ̀ àga. Eku kọjá níwájú rẹ̀, kò mọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n ní àìrí ẹran jẹ ni ó ba ojú rẹ̀ jẹ́, àti pé ojú náà kò ní là mọ́." Ibi tí ó dé nìyẹn tí ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ààfáà, ṣé èmi náà ti di obìnrin inú hádíìsì yẹn?"

Ẹ̀yin ará mi, n kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí á jókòó.

OBÌNRIN TÍ Ó TI OLÓGBÒ MỌ́LÉ

Hádíìsì tí arábìnrin yìí ń sọ wà nínú ìwé Bukhārī àti ti Muslim, láti ọ̀dọ̀ Abdullāh ọmọ Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì. Ànábì (S.A.W.) ròyìn obìnrin kan fún wa tí ó wọ iná nítorí ológbò kan tí ó tì mọ́lé títí tí ológbò náà fi kú. Ẹ wo ẹ̀sùn tí a fi kàn án. Kò fún un ní oúnjẹ nígbà tí ó tì í mọ́lé, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá ohun tí ń rìn nílẹ̀ jẹ.

Ẹ̀kọ́ 2 ni ó wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fò kọjá.

Èkínní ni pé, kí obìnrin yìí tó ti ilẹ̀kùn, Ọlọ́hun ni ó ń bọ́ ológbò náà. Yóò dọdẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò rí tirẹ̀ jẹ. Ọjọ́ tí obìnrin náà ti ilẹ̀kùn ni ọ̀nà ìjẹ yẹn dí, ọjọ́ náà gan-an ni ìjẹ ológbò di àmánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá so ẹran mọ́lẹ̀, òun ni ó gbọ́dọ̀ máa já ewé fún un. Kò sí ẹni tí ó fi dandan mú wa pé kí á sin ajá tàbí ológbò, ṣùgbọ́n bí a bá ti so ó, tí a tì í mọ́lé, a ti wọ inú ìwé ẹ̀rí.

Èkejì ni pé Ànábì (S.A.W.) tọ́ka sí ohun tí ológbò ń jẹ. Kò sọ pé kí obìnrin náà tú u sílẹ̀ kí ó lọ jẹ koríko. Ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ń rìn lórí ilẹ̀ ni ó sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ ológbò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Mo wá sọ fún arábìnrin wa pé ìyàtọ̀ wà láàrin òun àti obìnrin yẹn. Obìnrin yẹn kò ní àánú rárá. Ìwọ ní àánú, ìmọ̀ ni kò bá a rìn. Gbogbo iṣẹ́ ni a ó fi àníyàn wọn, gẹ́gẹ́ bí hádíìsì Umar ọmọ Khattāb ti fi kọ́ wa, ṣùgbọ́n àníyàn rere kò ní kí á má bèèrè lọ́wọ́ onímọ̀. Tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí o sì tún ohun tí ó kù ṣe. Má ṣe ta ológbò náà nù. Ẹranko tí kò ríran kò lè dọdẹ mọ́, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́rùn rẹ ti di ìlọ́po.

Àgbà onímọ̀ ńlá nì, Izzuddīn ọmọ Abdus-Salām, tí ó kú ní ọdún 660 Hijira, èyí tí í ṣe 1262 ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ka ẹ̀tọ́ tí ẹranko ní lọ́rùn ènìyàn sílẹ̀. Ó ní ẹni tí ó ni ẹranko gbọ́dọ̀ náwó lé e lórí bí ó ti yẹ irú rẹ̀, kódà bí ó bá ṣàìsàn tàbí tí ó di aláìlera tí kò wúlò mọ́. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: bí ó ti yẹ irú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ẹṣin kò yẹ ológbò, ohun tí ó yẹ ológbò kò yẹ ajá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé ẹ̀sìn àti lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹranko. Ìbéèrè 3 ni mo rí tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó bu oúnjẹ sínú abọ́ ẹran ọ̀sìn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KÍNNÍ: KÍ NI ỌLỌ́HUN FI ṢE OÚNJẸ RẸ̀?

Nínú Súrà Tāhā, ní ààyá 50, Ànábì Mūsā ṣàlàyé fún Firiaona pé Olúwa òun ni ẹni tí ó fún gbogbo nǹkan ní ẹ̀dá tirẹ̀, tí ó sì fi ọ̀nà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dá ológbò nìyí: ẹran ni Ọlọ́hun dá a mọ́. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine. Inú ẹran àti ẹja ni ó wà, kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú ọkà. Ara ènìyàn lè ṣe é fúnra rẹ̀, ara ajá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ara ológbò kò lè ṣe é tó. Ní 1975 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ológbò tí kò bá rí i jẹ yóò fọ́jú. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ní California tún fi hàn pé ọkàn rẹ̀ yóò fẹ̀, yóò sì di aláìlera, ṣùgbọ́n ti ọkàn lè padà bọ̀ sípò bí a bá tètè fún un ní taurine. Ojú tí ó bá ti fọ́ ni kì í là mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe oúnjẹ ológbò ti ń fi taurine kún un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ológbò arábìnrin wa nìyẹn.

Ajá yàtọ̀. Lóòótọ́ ara ìkookò ni ajá ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti ń bá ọmọ ènìyàn jẹun. Ní 2013, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Sweden ṣe fi hàn pé ara ajá ní agbára láti da oúnjẹ bí ọkà ju ti ìkookò lọ fíìfíì. Àwọn bàbá wa kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ajá ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá, ta ni ó ń ra ẹran fún un lójoojúmọ́? Àmàlà, ẹ̀kọ, ẹ̀bà àti egungun ni ó ń jẹ, tí ó sì ń lé ọ̀yà wọ inú igbó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kí á fi ohun ọ̀gbìn bọ́ ajá kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé kí á fi ẹ̀wà àti ìrẹsì nìkan bọ́ ológbò, ìyẹn ti ṣe àṣìṣe. Èdè kan náà kọ́ ni ara àwọn méjèèjì ń sọ.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Ẹ̀MÍ TA NI, OÚNJẸ TA NI?

Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrà Al-An'ām, ààyá 38, pé kò sí ẹranko kan lórí ilẹ̀, kò sì sí ẹyẹ kan tí ń fi ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì fò, àyàfi kí wọ́n jẹ́ ìjọ bíi tiwa. Ìjọ ni adìyẹ. Ìjọ ni ẹja. Bí a bá ń pa èyí bọ́ èyí, a ó jẹ́jọ́ rẹ̀. Nínú ìwé An-Nasāʾī, a rí i pé ẹni tí ó bá pa ẹyẹ ológoṣẹ́ tàbí ohun tí ó jù ú lọ láìní ẹ̀tọ́, Ọlọ́hun yóò bi í léèrè ní ọjọ́ ìṣirò.

Kí a má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ẹran di haráámù. Ọlọ́hun dá àwọn ẹran ọ̀sìn fún ànfààní wa, Ó sì kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Māʾidah, ààyá 87, pé kí á má ṣe sọ ohun dáradára tí Òun ṣe ní haláálì di haráámù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀tọ́ ni a fi ń gba ẹ̀mí. Bí oúnjẹ mìíràn bá wà tí yóò tẹ́ ajá lọ́rùn, tí yóò sì fún un ní ìlera, kí ni ìdí tí a ó fi máa dúńbú adìyẹ lé adìyẹ nítorí rẹ̀?

Ẹ wo ìgbésí ayé adìyẹ ẹlẹ́ran. Bí ọ̀sẹ̀ 6 péré ni ó ń lò láyé kí wọ́n tó pa á. Ẹ wo adìyẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n há mọ́ àgò onírin tí kò lè na ìyẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Shaddād ọmọ Aws gbà á wá, nínú ìwé Muslim, pé Ọlọ́hun ti ṣe dáadáa ní ọ̀ranyàn lórí gbogbo nǹkan, tí ó fi dé orí pé kí á pọ́n ọ̀bẹ kí ẹran tí a fẹ́ dúńbú lè rí ìsinmi. Bí Ọlọ́hun bá ka ìṣẹ́jú tí ọ̀bẹ fi kan ọrùn sí, ṣé a rò pé kò ka gbogbo ọjọ́ tí ẹran náà fi wà láyé sí ni?

Ẹ tún jẹ́ kí á wo ti oúnjẹ ọmọ ènìyàn. Ní 2017, olùkọ́ yunifásítì kan ní Los Angeles, Gregory Okin, ṣírò ohun tí ajá àti ológbò Amẹ́ríkà ń jẹ. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 160 nígbà náà. Ó ní nínú gbogbo ilẹ̀, omi àti epo tí ẹran sísìn ń gbà ní orílẹ̀-èdè náà, bí ìdá 25 sí 30 nínú 100 ni ó ń lọ sínú abọ́ wọn. Àwọn kan máa ń dáhùn pé inú ẹran tí ènìyàn kò jẹ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ajá. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ó sì sàn kí á lò ó ju kí á dà á nù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, kí ni wọ́n ń pè ní ohun tí ènìyàn kò jẹ? Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Fùkù ńkọ́? Ṣàkì ńkọ́? Bòkótó ńkọ́? Ẹ lọ bi àwọn ìyá wa ní ọjà Bódìjà bóyá ohun àdànù ni! Ohun tí ajá ń jẹ níbòmíràn, ọbẹ̀ àlejò ni lọ́dọ̀ wa.

Ní etíkun Mauritania, Senegal àti Gambia, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí ń lọ ẹja wẹ́wẹ́ di ìyẹ̀fun, tí wọ́n sì ń kó o lọ sókè òkun. Ẹja tí a ń sìn nínú adágún ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ohun ọ̀sìn mìíràn sì ń pín nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹja wẹ́wẹ́ yìí ni àwọn tálákà ibẹ̀ fi ń jẹ ìrẹsì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ajá ti di ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn.

Ó ku ọ̀kan tí ó kan àwa Mùsùlùmí ní pàtàkì. Oúnjẹ inú agolo tí ó ń ti òkè òkun wá, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, ẹran tí a kò dúńbú sì lè wà nínú rẹ̀. Jābir ọmọ Abdullāh gbà á wá pé ní ọdún tí a ṣẹ́gun Mọ́kà, Ànábì (S.A.W.) kéde pé títa òkú ẹran àti ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó bá rí òkú ẹran tí ó sì sọ ọ́ fún ajá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí Mùsùlùmí fi owó haláálì ra ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọkà àti ẹ̀wà kò ní iyèméjì kankan nínú.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: ṢÉ KÒ SÍ ÀṢEJÙ NÍBẸ̀?

Mo mọ ilé kan ní Èkó. Ajá 3 ni ó wà níbẹ̀, agolo ẹran ni wọ́n ń ṣí fún wọn ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Mẹ́gádì tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ń mu gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, owó oṣù rẹ̀ kò tó owó agolo tí wọ́n ń dà sínú abọ́ ajá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, pé, "Ààfáà, ẹ bá mi ṣe àdúà kí Ọlọ́hun sọ mí di ajá alhájì." Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́hun ní kí á jẹ, kí á mu, ṣùgbọ́n kí á má ṣe ṣe àṣejù, nítorí pé Òun kò fẹ́ràn àwọn aláṣejù. Súrà Al-Aʿrāf, ààyá 31 ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Ànábì (S.A.W.) yọ̀ǹda ajá fún ọdẹ, fún ìṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti fún ìṣọ́ oko, ó sì kìlọ̀ pé láádá ẹni tí ó bá ń sin ín láìnídìí yóò máa dínkù lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ìṣọ́ ilé kún un. Nítorí náà, ọ̀nà àkọ́kọ́ láti dín ẹran tí ajá ń jẹ kù ni pé kí á má ṣe kó ajá jọ fún àṣehàn. Ẹni tí ọ̀kan bá tó, kí ó fi mọ sí ọ̀kan, kí ó sì bọ́ ọ yó.

KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Ní òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi ẹ̀wà sóyà, ẹ̀wà píìsì àti ọkà ṣe oúnjẹ ajá tí kò ní ẹran rárá. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń lòdì sí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, yí ọ̀rọ̀ padà pé ó ṣeé ṣe láti fi bọ́ ajá bí a bá ṣe é pé. Ajá ni ìyípadà yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n kí á má sáré jù. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ọkàn nínú àwọn ajá kan tí oúnjẹ wọn kún fún ẹ̀wà píìsì àti ẹ̀wà lẹ́ńtì, tí kò sì ní ọkà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oúnjẹ ajá kì í ṣe ohun tí a kàn ń pò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí:

1. Ẹni tí ó ní ológbò, kí ó má ṣe gba ẹran àti ẹja lẹ́nu rẹ̀. Orí ẹja, ìfun ẹja àti ohun tí à bá dà nù ní ibi ìdáná lè di oúnjẹ rẹ̀, kí á sè é. Bí ó bá lè jáde lọ pa eku, kí á jẹ́ kí ó lọ. Ẹ̀tọ́ tí hádíìsì fún un nìyẹn.

2. Ẹni tí ó ní ajá tí ó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le, lè fi ọkà àti ẹ̀wà ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀wà sóyà dára púpọ̀. Nínú kílò 1 sóyà gbígbẹ, ó lé ní gíráàmù 350 tí ó jẹ́ púrótéènì tí ń mú ara dàgbà, nígbà tí ti ẹran màlúù tútù kò ju bí 200 lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láti jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ín, kí àwọn ìyá wa sì mọ bí a ti ń sè é. Ṣùgbọ́n ẹ sè é jinná dáadáa, nítorí pé sóyà tútù ń dí púrótéènì lọ́wọ́ nínú ikùn.

3. Ohun ọ̀gbìn nìkan kò pé láìjẹ́ pé a fi èròjà kún un. Fítámì B12, fún àpẹẹrẹ, kò sí nínú ẹ̀wà. Nítorí náà, fi ẹyin tàbí orí ẹja díẹ̀ kún un, kí o sì bi dókítà ẹranko. Ọmọ ajá àti ajá tí ó lóyún, ẹ má ṣe fi wọ́n dán nǹkan wò.

4. Ẹ má ṣe da ọbẹ̀ alálùbọ́sà sí oúnjẹ ajá tàbí ti ológbò. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Bu tiwọn sọ́tọ̀ kí o tó fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i. Kí abọ́ ajá sì yàtọ̀ sí abọ́ ilé, bí ìlànà ẹ̀sìn wa ti wí.

5. Owó tí o bá dín kù lórí ẹran ajá, wo ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Sàráà ni.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ayé yìí kún fún ẹni tí ń pariwo. Apá kan ń pariwo pé kí á jẹ ohun gbogbo, kí á má wẹ̀yìn. Apá kejì ń pariwo pé kí á má pa ohunkóhun mọ́. Súrà Ar-Rahmān fi yé wa pé Ọlọ́hun gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, kí á má baà tayọ ààlà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹran tọ́ ajá lọ́pọ̀ yanturu nígbà tí ebi ń pa mẹ́gádì ti tẹ òṣùwọ̀n náà sí apá kan. Arábìnrin wa tí ó fi àánú fọ́ ológbò lójú tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì. Ìmọ̀ àti àánú ni igbá méjì òṣùwọ̀n náà.

Ànábì (S.A.W.) ròyìn ọkùnrin kan tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tí ó sì mu omi. Nígbà tí ó jáde, ó rí ajá kan tí ń pọ́n erùpẹ̀ lá nítorí òùngbẹ. Ó padà sínú kànga, ó bu omi sínú bàtà rẹ̀, ó fi ẹnu gbé e gòkè, ó fún ajá náà mu, Ọlọ́hun sì forí jì í. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí mọ ohun tí ajá náà fẹ́. Òùngbẹ tí ó ti gbẹ òun náà ni ó fi mọ̀ ọ́n. Omi ni ajá ń fẹ́, omi ni ó bù wá.

Mo rí arábìnrin wa lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù tí ó kọjá. Ológbò náà ṣì wà láàyè. Ojú rẹ̀ kò là, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń le. Ó ní òun ti bá ìyá ẹlẹ́ja kan sọ ọ́ ní ọjà, orí ẹja tí kò bá tà ni ó ń kó fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun kò gbé abọ́ rẹ̀ kúrò ní ojú kan mọ́, kí ó lè máa fi ìmú mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó ní tí òun bá ti kírun Làásárì tán, bí òun bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹní ìkírun ni yóò ti máa fi orí nu òun lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sú òun, nítorí pé láádá wà lórí gbogbo ẹ̀dá tí ó ní ẹ̀mí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó fi àánú sí wa lọ́kàn, kí Ó má jẹ́ kí àánú wa di ìkà nítorí àìmọ̀. Kí Ó bọ́ àwọn tí ebi ń pa nínú wa. Kí Ó má jẹ́ kí ẹranko kankan dìde pè wá lẹ́jọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Āmīn.